Alùpùpù Tí Wọ́n Tún Ṣe, Ṣé Òun Náà Ni?

Ẹni tó bá ra alùpùpù àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì sẹ́yìnkùlé láti tún un ṣe ra nǹkan méjì pọ̀: irin tó wà níwájú rẹ̀, àti orúkọ tí irin náà ti ń jẹ́ bọ̀. Irin ni yóò máa pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ ni ó ń retí pé kò ní yí padà. Bí iṣẹ́ bá parí, tí ẹ́ńjìnnì mìíràn ti wọlé, tí táyà, wáyà, ìjókòó àti ọ̀dà ti di tuntun, ìbéèrè kan ṣì kù tí mẹkáníìkì kì í sábà dáhùn: ṣé ọkọ̀ tí wọ́n rà nìyí, àbí òmíràn ló jókòó sí àyè rẹ̀? Ọ̀rọ̀ irin lásán ló jọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti ń jiyàn lé irú rẹ̀ lórí, nítorí òun náà ni ìbéèrè tó wà nídìí àjíǹde àti àtúnwá.

Ìbéèrè yìí hàn kedere ní ìlú Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba Benin ń kọ ní Ifangni, tó wà ní ẹkùn Plateau lẹ́bàá ibodè Nàìjíríà. Igolo tó wà lábẹ́ rẹ̀ kọjú sí Ìdí-Ìrókò. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ló la ilẹ̀ àwọn Ìfọ̀nyìn sí méjì, ó sì mú kí alùpùpù oríṣi méjì pàdé níbẹ̀. Lápá Benin, ohun tí àwọn àgbà kọ́kọ́ mọ̀ ni Mobylette, tí ilé-iṣẹ́ Motobécane ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1949, àti Peugeot 103 tó dé lẹ́yìn 1970. Lápá Nàìjíríà, BSA àti Triumph àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú. Àwọn ará Jàpáànù ló wá gba ọjà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Honda Super Cub tó jáde ní 1958 nìkan ti pé mílíọ̀nù 100 ní ọdún 2017. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Benin dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1980, tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù gbé èrò, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní zemidjan, Yamaha Mate tòkunbọ̀ wà lára èyí tí wọ́n lò jù. Ọkọ̀ tí ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe ló gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí kò bá ti pa owó mọ́ ni wọ́n ń tì sẹ́yìn ilé, tí ewúro ń hù yí ká.

Ọdún tí alùpùpù bá fi dúró ń ba apá kan jẹ́ ju òmíràn lọ. Epo tó kù nínú kábúrétọ̀ á gbẹ, á dí ojú ihò tóóró tó yẹ kí epo máa gbà. Ríǹgì á gan mọ́ ara sìlíńdà. Rọ́bà tó ń sé ẹ́ńjìnnì á le, á là. Àwọn wọ̀nyí kò le, owó ló ń gbọ́ wọn. Férémù ni ó yẹ kí olùrà tẹ ojú mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ Mobylette aláwọ̀ búlúù, inú férémù gan-an ni wọ́n kọ́ táǹkì sí: páànù tí wọ́n tẹ̀ ló di egungun ọkọ̀, òun náà ló sì gba epo sínú. Bí omi bá jókòó síbẹ̀, bí ìdógùn-ún ṣe ń jẹ táǹkì ló ń jẹ egungun. Kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ táǹkì sọnù kí wọ́n dá férémù sí. Lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè yìí ti le jù, torí ohun tí wọ́n fẹ́ fi dá a mọ̀ gan-an ló ń jẹrà.

Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì kan tó gbé ayé ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, kọ̀wé nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus, akọni inú ìtàn ìgbàanì, tí àwọn ará Athens ń tọ́jú. Pákó tó bá jẹrà, wọn á yọ ọ́, wọn á fi tuntun sí i, títí àwọn onímọ̀ fi pín sí méjì: àwọn kan ní òun náà ni, àwọn kan ní òun kọ́ mọ́. Ní 1655, Thomas Hobbes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá kún un nínú ìwé rẹ̀ De Corpore. Bí ẹnìkan bá ń kó pákó tí wọ́n ń yọ pamọ́, tó sì tò wọ́n padà bí wọ́n ṣe wà, ọkọ̀ ti di méjì. Èwo ni ti Theseus? Fún àwọn olùkọ́ ọgbọ́n orí, àlọ́ ni. Lábẹ́ igi tí mẹkáníìkì pa ìsọ̀ sí, iṣẹ́ òòjọ́ ni. Kábúrétọ̀ tí wọ́n yọ lára Yamaha kan ní àárọ̀, wọ́n lè ti fọ̀ ọ́, kí wọ́n ti dè é mọ́ òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, ọjà tó ń gba ibẹ̀ kọjá ní láti wá ọ̀nà mìíràn. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó ti kú ló ń bọ́ èyí tó wà láàyè.

Ìjọba ní ìdáhùn tirẹ̀, ó sì kúrú. Nọ́ńbà tí wọ́n lù mọ́ férémù ni ọkọ̀. Òun náà ló wà nínú ìwé ọkọ̀ tí àwọn ará Benin ń pè ní carte grise. Bí gbogbo nǹkan bá yí padà tí nọ́ńbà kò yí, ọkọ̀ kan náà ni lójú òfin. Èyí wúlò fún aṣọ́bodè, ó wúlò fún adájọ́, nítorí ó ń dí olè lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni nǹkan ló ń tọ́ka sí, kò sọ ohun tí nǹkan jẹ́. Kí ẹnìkan gé ibi tí nọ́ńbà wà kúrò lára irin tó ti jẹrà, kó jó o mọ́ férémù mìíràn: ojúlówó arúfin ni gbogbo èèyàn yóò pè é. Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà ni ọkọ̀ lóòótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá? Nǹkan kan wà lẹ́yìn nọ́ńbà tí nọ́ńbà ń ṣojú fún.

Ó yani lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn ṣe sún mọ́ èyí. Hádíìsì kan tí Bukhari àti Muslim gbà wọlé láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra sọ pé gbogbo ara ọmọ Ádámọ̀ ni ilẹ̀ yóò jẹ, àfi egungun kékeré kan nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn. Láti ara rẹ̀ ni wọn yóò ti tún èèyàn tò. Ẹni tó ti fi bébà gbígbo wá nọ́ńbà rí lábẹ́ ìdógùn-ún kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Al-Ghazali, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó kú ní 1111, kò tilẹ̀ gbára lé egungun. Ó wòye pé ara èèyàn ti ń pààrọ̀ láti kékeré títí dé ogbó nípasẹ̀ oúnjẹ, síbẹ̀ ẹni kan náà ni. Nítorí náà Ọlọ́run lè dá ọkàn padà sínú ara èyíkéyìí tó bá wù Ú. Láàárín àwọn Kristẹni, Augustine bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó burú ju ti Hobbes lọ níparí ìwé rẹ̀ lórí Ìlú Ọlọ́run: bí ebi bá mú kí ẹnìkan jẹ ẹran ara ẹlòmíràn, ti ta ni ẹran náà lọ́jọ́ àjíǹde? Ó ní ti ẹni àkọ́kọ́ ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò padà sí. Bí wọ́n bá fi òfin yìí ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ mẹkáníìkì, ìsọ̀ náà yóò ṣófo kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ṣùgbọ́n èèyàn ló wà lọ́kàn àwọn wọ̀nyí, wọ́n sì ní ẹ̀mí tàbí agbára Ọlọ́run láti fi so ohun tó ti tú ká. Alùpùpù kò ní ẹ̀mí. Ohun tó ní ni Ògún.

Lójú àwọn onísìn Ògún, tí àwọn Gùn tó ń gbé pẹ̀lú Yorùbá ní Ìfọ̀nyìn ń pè ní Gu, kò sí irin tó jẹ́ òkú nǹkan. Ajá, epo àti èsun iṣu tí awakọ̀ àti mẹkáníìkì fi ń bọ Ògún, irin ni wọ́n ń gbé e fún. Yamaha kò mọ̀ sí i. Irin yìí ti jẹ́ nǹkan mìíràn tẹ́lẹ̀, yóò sì tún jẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹ̀rí tó dára jù ni ère Gu tí Akati Ekplekendo rọ ní ààfin Dàhòmì láyé Ọba Glèlè, tó jọba láti 1858 sí 1889. Irin àlòkù láti Yúróòpù ló fi rọ ọ́. Ohun tí àwọn òyìnbó ti lò tán ló di òrìṣà ogun, òrìṣà náà sì wà ní Paris báyìí. Ìdáhùn Ògún tu ẹni tó ra ìdógùn-ún nínú, torí ó sọ fún un pé kò ra òkú. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gbòòrò jù. Bí ó bá jẹ́ pé irin ni gbogbo rẹ̀, àdá, páànù orí ilé àti Mobylette di ọ̀kan, ìbéèrè sì ti tú ká láìní ìdáhùn.

Ibi tí ìdáhùn tó ṣe pàtó wà ni ohun tí Yorùbá gbà nípa àtúnwá. Bí bàbá àgbà bá kú, tí wọ́n sì bí ọmọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀, wọn á sọ ọ́ ní Babátúndé. Síbẹ̀ ilé yẹn náà ṣì ń bọ bàbá àgbà láàárín àwọn òkú ọ̀run, wọ́n ṣì ń ké sí i lójú oórì. Bọ́lájí Ìdòwú gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè: God in Yoruba Belief, tó jáde ní 1962. Ó ní bí wọ́n bá wò ó fínnífínní, kì í ṣe pé ẹni tó kú fi ọ̀run sílẹ̀ wá sílé ayé; àbùdá ìran ni ó ń jáde lára ọmọ, tí òkú ọ̀run sì wà níbi tó wà. Ìdí nìyí tí ọmọ-ọmọ mẹ́ta fi lè jẹ́ àtúnwá bàbá àgbà kan ṣoṣo láìsí ìjà láàárín wọn.

Òye yìí tú àlọ́ Hobbes. Ọkọ̀ kan tí wọ́n tú, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lára ọ̀kan, tí férémù rẹ̀ gba ẹ́ńjìnnì mìíràn, ti ní ọmọ méjì. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni yan èwo ni bàbá. Alùpùpù tí wọ́n tún ṣe kì í ṣe èyí tó wà lábẹ́ ewúro, kì í sì í ṣe àjèjì sí i. Ìran rẹ̀ ni. Ohun tó mú un jẹ́ ìran, kì í ṣe iye irin tó kù nìkan, bí kò ṣe pé ẹnìkan gbà láti sọ ọ́ lórúkọ, ó sì mọ ibi tí ó ti wá.

Ìpatì pàápàá yí padà lójú òye yìí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí irin dógùn-ún. Ẹni tí kò rí owó tún ọkọ̀ ṣe kò ṣẹ Ògún. Ohun tó ṣòfò ni ìtàn: ta ló rà á, ìrìn wo ló rìn, èwo nínú ẹ̀yà rẹ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀ ṣáájú. Olùrà tó gbọ́n á bi àwọn ará ilé ní ìwọ̀nyí kó tó bi wọ́n ní iye tí wọ́n fẹ́ gbà.

Kì í ṣe dandan kí wọ́n tún gbogbo nǹkan ṣe. Romuald Hazoumè, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Porto-Novo ní 1962, ń fi kẹ́ẹ̀gì tí àwọn oníalùpùpù fi ń kó epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń pè ní kpayo kọjá ibodè ṣe ojú èèyàn. Kò dá kẹ́ẹ̀gì náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 2007, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ra La Bouche du Roi, tó fi irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ tò bí ọkọ̀ ẹrú. Ojú tó gbó gan-an ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Lódìkejì, ní Kétu, Pobè àti Sakété, àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń tún ère wọn kùn kó tó jáde, ẹnikẹ́ni kì í sì sọ pé ère ti di òmíràn. Eré ló ń mú un jẹ́ ohun tó jẹ́. Àwọn tó ń kó alùpùpù àtijọ́ jọ ní Yúróòpù fẹ́ràn ọ̀dà àkọ́kọ́ bó ti wù kó ṣá tó. Ọkọ̀ tí yóò padà sójú ọ̀nà Igolo kò gbọ́dọ̀ jìyà nítorí ìfẹ́ bẹ́ẹ̀: bíréèkì tuntun sàn ju bíréèkì àtilẹ̀wá lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀tọ́ ni títà. Ẹni tó ń pe àtúnwá ní bàbá àgbà fúnra rẹ̀ kò purọ́ nínú ilé, nítorí gbogbo ilé mọ ohun tó ń sọ. Lọ́jà, ẹni tó ń rà kò mọ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó bá tún alùpùpù ṣe máa kọ gbogbo ohun tó pààrọ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kó sì fi ìwé náà mọ́ ìwé ọkọ̀ nígbà tó bá fẹ́ tà á. Ẹni tó bá tà á gẹ́gẹ́ bí ògidì láìka àwọn nǹkan wọ̀nyí fún olùrà ti lù ú ní jìbìtì, bí nọ́ńbà férémù tilẹ̀ pé.