Fèrè Ọdẹ ní Bẹẹrẹ

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwọn àgbà ló pa á lówe, n kò sì ní í bá wọn jiyàn. Àmọ́ ó máa ń ṣe mí bíi kí n bi ọdẹ ọ̀hún léèrè: ṣé ojoojúmọ́ lò ń fun fèrè náà, àbí ọjọ́ tó bá wù ọ́?

Agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ, nílùú Ìbàdàn, há. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà fara ti ara wọn títí dé ìsàlẹ̀ òkè tí gbọ̀ngàn Màpó ti ń wò wá láti 1929. Ilẹ̀kùn mi sí ti Alfa kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ, Alfa kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tó fẹ́ fi kírun. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń pe ìrun àsùbáà, orí ìso ni Tanímọ̀la ń wà. Ajá ilé lásán ni, kì í ṣe ti òyìnbó. Yóò dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ títí àlùwàlá yóò fi parí. Nígbà tí ìró sálúbàtà tó kẹ́yìn bá kọjá sí mọ́ṣáláṣí, yóò dìde, yóò kọjú sí ilẹ̀kùn mi, á máa ju ìrù. Ìgbà náà ni mo máa ń tú u, tí a ó jáde, èmi pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù tí mo fi ń kó ìgbẹ́ rẹ̀.

Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú, rí i pé bí ìró kan bá ń ṣáájú oúnjẹ nígbà gbogbo, itọ́ ajá á ti máa dà kí oúnjẹ tó dé. Ìyá àgbà tó ń kan abọ́ páànù mọ́lẹ̀ láti pe ajá wá jẹun kò gbọ́ orúkọ Pavlov rí.

Oúnjẹ gan-an ló ṣòro jù nínú agbo ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ tó ajá tó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ọwọ́ ará ilé dúró? Ẹni yìí ju òkèlè àmàlà, ẹni yẹn da ọbẹ̀ tó kún fún àlùbọ́sà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ tí a sè pàápàá máa ń fọ́ ṣóńṣó, á sì gún ìfun. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Àánú ni wọ́n pè é, èmi ni wọ́n pè ní ahun.

Ọ̀sán kì í ṣe àkókò ìrìn. Ọ̀dà títì tó lọ sí Ọjà'ba á ti gbóná, àtẹ́lẹsẹ̀ sì ni ajá ti ń làágùn. Ahọ́n ló fi ń mí ooru yòókù jáde. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń yẹ etí àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ wò fún eégbọn. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ọdọọdún ni. Àìsàn yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìwòsàn tó bá ti hàn.

Lọ́dún tó kọjá mo rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́fà. Ọmọ tí mo fi ajá sílẹ̀ fún ń bọ́ ọ nígbà tó bá rántí. Nígbà tí mo dé, Alfa, tí kò fọwọ́ kan Tanímọ̀la rí, pè mí.

"Àbúrò, ní gbogbo àárọ̀ tí o ò sí yìí, tí a bá ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ajá rẹ á dìde, á kọjú sí ilẹ̀kùn rẹ. A ó kírun dé, á ṣì wà lórí ìdúró."