Kí Ni Afùwàpẹ́ Yà Lọ Ṣe Nílé Bàbá Rẹ̀?

Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí. Iṣẹ́ ló pọ̀, kò sì sí iná ní àdúgbò wa fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ìbéèrè kan wà tí mo ń gbọ́ ju gbogbo ìbéèrè yòókù lọ. Kì í ṣe ti èèwọ̀, kì í ṣe ti ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti ikin. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Mo fẹ́ padà sílé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Àwọn tó ń béèrè kì í ṣe arúgbó o. Ọmọ yunifásítì wà níbẹ̀ láti Akoka, òṣìṣẹ́ báǹkì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó wà níbẹ̀. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tó jẹ́ pé òru ló máa ń pè mí, á sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó jí nǹkan gbé.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọbìnrin kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mo sì ti gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ló wá bá mi, ó ti Surulere wá. Kò tíì jókòó dáadáa tí omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹnì kan lórí Facebook tó pe ara rẹ̀ ní babaláwo ti sọ fún òun pé bí òun kò bá tẹ Ifá láàárín ọjọ́ 7, ẹgbẹ́ ọ̀run á wá mú òun lọ. Iye tí ọkùnrin náà bù fún un ni ₦850,000. Ó ti san ₦300,000 nínú rẹ̀. Mo ní ibo ló ti rí i? Ó ní òun yá a lórí fóònù ni, lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ́ pé bí gbèsè bá fi ọjọ́ kan pẹ́, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù ẹni pé olè lẹni náà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lóòótọ́ ni pé màá kú?"

Mi ò dá a lóhùn. Kì í ṣe láti inú ara mi ló yẹ kí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ti wá. Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, mo ní kó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sí ₦200. Ifá sọ̀rọ̀. Ifá kò dárúkọ ikú. Ifá kò tilẹ̀ dárúkọ ìtẹ̀fá. Ó ya èmi náà lẹ́nu, mo tún fi ìbò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí Ifá ní kó ṣe ò ju méjì lọ: kó bọ orí rẹ̀, kó sì lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ ò ní gbàgbọ́, ńṣe ló bínú. "Obì àti omi tútù? Ìyẹn nìkan? Ṣé ẹ dá a dáadáa ṣá, sà?" Mo rẹ́rìn-ín. Ìlú Èkó la wà. Ohun tí kò bá wọ́nwó, a máa ń rò pé ayédèrú ni.

Ìtàn kan ni mo wá sọ fún un. Ẹ̀yin awo tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ mọ ibi tó wà, ẹ sì lè mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí kò gbọ́ ọ rí gbọ́.

Àwọn mẹ́ta ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sílé ayé: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ní àwọn ò ní yà síbì kankan. Ẹsẹ̀ wọn yá. Afùwàpẹ́ ní òun ò lè lọ láìrí bàbá òun. Ó yà, ó bá Ọ̀rúnmìlà pẹ̀lú àwọn awo rẹ̀, wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kó rúbọ: iyọ̀ àti owó. Ó rú u. Wọ́n bù díẹ̀ nínú iyọ̀ náà àti nínú owó náà, wọ́n ní kó máa gbé e lọ lọ́nà. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó máa fi ṣe fún un.

Àwọn méjì yẹn ti dé ilé Àjàlá. Wọn ò bá a nílé. Wọn ò lè dúró, wọ́n wọlé, wọ́n mú orí tó dára lójú wọn, wọ́n gbé e kà á, ó di ayé. Orí tí iná kò jó dénú ni wọ́n mú. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí sì ń ṣí, ó ń já bọ́. Gbogbo làálàá tí wọ́n ṣe láyé, títún orí tó ti bàjẹ́ ṣe ló bá a lọ.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ bá oníbodè kan lọ́nà tó ń se ọbẹ̀, eérú ló sì ń bù sí i. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń bu eérú sọ́bẹ̀ fún?" Ó ní ohun tí àwọn ń jẹ níbẹ̀ nìyẹn. Afùwàpẹ́ bu iyọ̀ sí i. Bàbá tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ dùn, ló bá ní kó jókòó, kí òun sọ àṣírí ilé Àjàlá fún un: onígbèsè ni Àjàlá, bí olówó bá ti dé, òkè àjà ló máa ń sá sí. Nígbà tí Afùwàpẹ́ máa fi dé ibẹ̀, olówó wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń pariwo lóòótọ́. Owó tí wọ́n ní kó máa gbé lọ ló fi san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú un wọlé, ó ń fi ọ̀pá irin lu orí lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan èyí tí kò fọ́. Òjò kan náà pa Afùwàpẹ́. Kò ṣe orí rẹ̀ ní nǹkan kan.

Nígbà tí mo dákẹ́, ọmọbìnrin yìí ní, "Ṣé gbèsè ni Ifá wá ń bá mi wí lé lórí ni?" Mo ní rárá, kó má fa ìtàn ya. Ohun tí mo fẹ́ kó rí ni ibi tí Afùwàpẹ́ yà sí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹ́ orí rere. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ ọ̀nà ilé Àjàlá. Ilé bàbá ẹni ni ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn yà sí, ibẹ̀ ni iyọ̀ wà.

Mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín máa sọ. "Ilé bàbá tèmi, ṣọ́ọ̀ṣì ni." Bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà rí. Ìdí-Òrò ní Mushin ni bàbá àgbà mi ń gbé, babaláwo ni. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tó kú. Àwọn ẹbí kó ikin rẹ̀ sínú ike, wọ́n lọ dà á sínú ọ̀sà. Èmi ni mo gbé ike náà. Mi ò sunkún, mi ò béèrè nǹkan kan, wọ́n sì ra bisikíìtì fún mi nígbà tá à ń bọ̀.

Yunifásítì ni ọ̀rọ̀ náà ti padà wá bá mi. Ìtàn ni mo kà, wọ́n sì ní ká lọ wo iṣẹ́ E. M. Líjàdù, ajíhìnrere ní Oǹdó, tó tẹ ìwé jáde lórí Ifá ní 1898, tó tún kọ ti Ọ̀rúnmìlà ní 1908. Ìyìn rere ni iṣẹ́ Líjàdù, kò sì wá láti di ọmọ awo. Síbẹ̀ ó jókòó ti àwọn babaláwo, ó gbọ́ wọn, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú tì mí nínú láíbìrì. Oníwàásù jókòó béèrè, ọmọ-ọmọ awo ló gbé ike.

Mi ò mọ ẹni tí mo lè bi. Ìyá eléwé kan ní ọjà Ojúwòyè ló gbà mí. Mo fẹ́ ra ewé fún ibà lásán ni, ó wò mí títí, ó bi mí ọmọ ta ni mí. Ó mọ bàbá àgbà mi. Ó mọ awo kékeré tó ń tẹ̀ lé e káàkiri, ó sì mọ ilé rẹ̀. Ilé bàbá mi ti wà lórí ẹni tó ń ta ewé láti ọjọ́ yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo bá ọmọbìnrin náà sọ nígbà tó fẹ́ lọ. Ó ní Ojúẹlẹ́gba lòun máa ti wọ mọ́tò. Mo bi í kí ni ìtumọ̀ Ojúẹlẹ́gba. Ó ní orin Wizkid ni. Ẹ ò rí i! Ojúbọ Ẹlẹ́gbára ló fún ibẹ̀ lórúkọ, ojúbọ náà ṣì wà níbẹ̀ láàárín dánfó àti ariwo. Fẹlá fi ìdàrúdàpọ̀ oríta yẹn kọrin ní 1975, Wizkid náà kọ tirẹ̀ ní 2014. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa fi orúkọ Èṣù pe Sàtánì, bẹ́ẹ̀ la ṣe wá ń bẹ̀rù ẹni tó ń gbé ẹbọ wa lọ. Oníbodè ni. Ẹ rántí pé oníbodè ló sọ ilé Àjàlá fún Afùwàpẹ́, nígbà tó fún un ní iyọ̀.

Ó yẹ kí n sọ èyí náà. Ní 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún wa ní ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ. Mo yọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń padà sílé ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń dúró dè wọ́n lọ́nà ń pọ̀. Bí awo kan bá bu owó fún yín kó tó dá Ifá, tó sì fi ikú lé yín, ẹ dìde níbẹ̀. Ìtẹ̀fá kì í ṣe ohun tí à ń fi ìpayà sáré ṣe. Àwọn mìíràn, ìsẹ̀fá ló kàn wọ́n, kí wọ́n gba ọwọ́ Ifá kan, kí wọ́n máa bọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ Ifá. Àwọn mìíràn, orí nìkan ni wọ́n á máa bọ fún ọdún púpọ̀. Ifá ló máa sọ. Ẹni tí kò tíì rí awo tó gbọ́kàn lé, kó jí ní ìdájí, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó fọwọ́ kan orí rẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ wúre. Ìyẹn ò ní ₦1 nínú.

Ọmọbìnrin náà lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Oṣù kan gbáko ni mi ò gburòó rẹ̀, mo ti rò pé ó ti lọ san ₦550,000 tó kù. Ìgbà tó padà wá, ó ní ìyá òun kọ́kọ́ bínú, ó ní kó má mú nǹkan ẹgbin wọlé òun. Nígbà tó di òru, ìyá náà wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní ìyá bàbá rẹ̀ ti gbé e lọ ṣe àkọsẹ̀jayé nígbà tí wọ́n bí i, wọ́n fún un ní orúkọ kan, wọ́n sì sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ. Ọdún 26 ni ìyá yìí fi pa á mọ́ torí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kò fìgbà kan se nǹkan náà nínú ilé rẹ̀. Kò lè sọ ọ́ lẹ́nu, ó ń pa á mọ́ nínú ìkòkò.

A bọ orí rẹ̀ pẹ̀lú obì aláwẹ́ mẹ́rin àti omi tútù. Orúkọ yẹn la fi pè é. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

₦300,000 yẹn kò padà. Ó ṣì ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Kò tíì ṣe ìsẹ̀fá, Ifá ò tíì ní kó ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ Ifá ó máa ń yà sọ́dọ̀ mi kó tó lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń pọn omi. Ó ṣì ń pè mí ní sà. Mo ti ní kó máa pè mí ní Bàbá bíi ti àwọn yòókù, ó ní ẹnu òun ò tíì gbà á.