Ẹni tí Ó Pẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Wíwá

Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí ó kọ́ ìwé Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ ewì tí olóògbé J. F. Ọdúnjọ kọ sínú Aláwìíyé láti rọ àwọn ọmọdé kí wọ́n múra sí iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ náà dára, àwa pẹ̀lú sì ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń bẹ tí ewì náà kò bá wí, èyíinì ni ẹni tí ó ti múra sí iṣẹ́ tán, tí kò sì rí ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Nípa rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ ní oṣù yìí.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Makoko, níbi tí Yábàá ti pàdé ọ̀sà. Láti ibẹ̀ kò jìnnà sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Yábàá tí a dá sílẹ̀ ní 1947, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, tí a dá sílẹ̀ ní 1962. Ọmọ apẹja, tàbí ọmọ obìnrin tí ń yan ẹja, yóò kàwé jáde, yóò ṣe àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan, yóò sì padà sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nínú ọ̀rá kí omi má baà bà á jẹ́. Ọdún kìíní kọjá, ọdún kejì tẹ̀lé e, ìwé tí ó ń kọ kiri kò sì ní èsì. Ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ha lè wúlò síbẹ̀, fún ara rẹ̀ àti fún ẹlòmíràn, tàbí kí ó ká ọwọ́ lẹ́rán títí ẹnì kan yóò fi pè é?

Kí a kọ́kọ́ mú ẹ̀bi kúrò lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìwọlé àti ìjáde àwọn àlejò pe àwọn tí ń wáṣẹ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà láti ṣe ìdánwò. Sùúrùlérè ni a pe ti Èkó sí. Ipò tí ó ṣí sílẹ̀ kò tó 5,000, àwọn tí ó sì fi orúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000, a sì ti gba 1,000 náírà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ní Abuja, ní Port Harcourt àti ní àwọn ibòmíràn, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ènìyàn tí kò dín ní 15 sì kú. Ẹni tí ó bá ń pe àwọn wọ̀nyí ní ọ̀lẹ, kí ó jọ̀wọ́ ṣe ìṣirò: bí gbogbo wọn tilẹ̀ jẹ́ akíkanjú, ẹni 99 nínú 100 ni yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Bí ó ti wù kí ó rí, ẹni tí kò jẹ̀bi pẹ̀lú wà nínú ewu, ewu náà kì í sì í ṣe ti ebi nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ilé iṣẹ́ òwú kan ti ìlẹ̀kùn ní Marienthal, ìletò kan ní ilẹ̀ Austria, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìletò náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Marie Jahoda, Paul Lazarsfeld àti Hans Zeisel lọ wádìí bí àwọn ènìyàn náà ti ń gbé ìgbésí ayé wọn, wọ́n sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní 1933. Ènìyàn ìbá rò pé ẹni tí àkókò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kàwé sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. A mú owó ìyáwèé kúrò, síbẹ̀ láàárín 1929 àti 1931 iye ìwé tí wọ́n ń yá fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Àwọn olùwádìí náà tilẹ̀ fi aago wo ìrìn wọn ní òpópónà: àwọn ọkùnrin ń wọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ń dúró lójú ọ̀nà láìnídìí; àwọn obìnrin, tí iṣẹ́ ilé kò fi sílẹ̀, ń yára. Àkókò tí ẹnikẹ́ni kò ti retí ẹni, bí yìnyín ni. Bí a ti ń dì í mú ni ó ń yọ́.

Àwọn Ẹ̀gùn pọ̀ púpọ̀ lórí omi Makoko, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì tọ ìran wọn dé Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Benin tí ó bá wa pààlà. Àwọn apẹja ilẹ̀ náà, lórí adágún Nokoué lẹ́bàá Kútọnù, ní ọgbọ́n kan tí à ń pè ní akaja. Wọn a ri ẹ̀ka igi púpọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ omi, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹja lè wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, kí wọ́n tó fi àwọ̀n yí i ká. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyí, ọbẹ̀ ní láti wà nínú ìkòkò, nítorí náà ẹni tí ó ní akaja kò lè jókòó tì í kí ó máa wo omi. Ìwé tí a kọ sí ọ́fíìsì rí bẹ́ẹ̀. Kí a kọ ọ́ dáradára, kí ó jẹ́ ti ibi tí a ń kọ ọ́ sí gan-an, kì í ṣe ẹ̀dà kan náà tí a fọ́n ká ọgọ́rùn-ún ọ́fíìsì. Kí a kọ ọjọ́ tí ó lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a fi í sílẹ̀ nínú omi. Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta láàárọ̀ tó fún èyí. Ìyókù ọjọ́ náà ń fẹ́ iṣẹ́ mìíràn tí ẹnì kan ń dúró dè: kíkọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò, bíbá àwọn obìnrin oníṣòwò ẹja ṣe àkọsílẹ̀ gbèsè, bíbá ẹni tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà.

Àwọn àgbà kan a máa wí pé iṣẹ́ kí iṣẹ́ ni kí ó gbà. A fara mọ́ ọn dé ìwọ̀n kan, nítorí kò sí ìtìjú nínú ẹja yíyan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gba ènìyàn láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di alẹ́ fún owó tí kò tó jẹun ti pa wíwá náà. (Ìwé ìjọba yóò sì pè é ní oníṣẹ́. Títí di 2020, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 ní ọ̀sẹ̀ ni a ń kà sí aláìríṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ 33.3 nínú 100 ní ìparí ọdún náà. Nígbà tí a sọ ọ́ di wákàtí kan péré, iye náà di 5.3 fún ìparí 2022. Ọ̀nà ìkà ni ó yí padà.)

Ohun tí ó wúwo jù lọ́kàn wa ni ìfarapamọ́. Ní 1973, Mark Granovetter, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọkùnrin kan lẹ́bàá Boston tí ó ti ipa ojúlùmọ̀ rí iṣẹ́. Ó bi wọ́n bí wọ́n ti ń rí ojúlùmọ̀ náà sí. Nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó 17 tí ó ń rí i nígbà gbogbo. Nǹkan bí 28 ni ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n rí i. Àwọn ìyókù a máa rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nítorí ohun tí ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀ wa gbọ́, àwa náà ti gbọ́ ọ; ẹni tí a ń rí lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni ó ti ibòmíràn bọ̀. Ǹjẹ́ ta ni ẹni tí ìtìjú kọ́kọ́ ń mú kí aláìríṣẹ́ sá fún? Àwọn wọ̀nyí gan-an ni. Kò wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, kò lọ sí ìgbéyàwó, ó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Àwọn tí Olúwa wa fi pa òwe, tí a bá ní ọjà ní wákàtí kọkànlá, ìbá ti lọ sílé ní ọ̀sán gangan, ta ni ìbá rí wọn gbà sí ọgbà àjàrà?

Ohun tí ó sì ń lé e sá ni ìkíni tí àwọn kan ń kí i ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ní ohùn tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́: “Ṣé o ti rí iṣẹ́?” Bí ó bá ti rí i, yóò wí fún wọn láìbéèrè. Ìyá ìjọ tí ó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ lè pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó wí pé, “Ọmọ mi, ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ wa ti dàrú, agogo mẹ́rin ọ̀la ni a ó máa retí rẹ.” Bí iṣẹ́ náà bá sì parí, kí wọ́n má ṣe dúpẹ́ lẹ́nu lásán; kí wọ́n san owó rẹ̀ fún un, pẹ̀lú owó ọkọ̀.