Níbo Lo Ti Rí I?

Láyé àtijọ́, ọmọ kì í gbé ohun àjèjì wọlé kí òbí má bi í léèrè pé, "Níbo lo ti rí i?" Bó jẹ́ tọ́rọ́ kan péré, ìyá rẹ̀ yóò fà á lọ́wọ́ lọ dá a padà, ojú yóò sì ti gbogbo ilé. Lónìí, ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọ àdúgbò wa ní Satellite Town, wọ́n ta àtíbàbà dí ojú ọ̀nà, ìyá ń jó, pásítọ̀ ń da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ta ló bèèrè? Ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á ní ìlara ló ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Captain Herbert Walker, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ya bo Bìní ní February 1897. Ó ní ìwé tó ń kọ ìròyìn ogun sí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ bí wọ́n ṣe kó ohun iyebíye ààfin jọ, bí wọ́n ṣe ya eyín erin àti ère àmọ̀tẹ́kùn eléyín erin sọ́tọ̀ fún Ọbabìnrin Victoria, tí Admiral Rawson, olórí ogun náà, àtàwọn èèyàn rẹ̀ sì dojú kọ ìyókù. Ìlú jóná, Ọba Ovọnramwẹn sá wọgbó. Walker gbé tirẹ̀ relé, ilé sì gbà á. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ilẹ̀ tí a ń gbé yìí mọ̀ nípa ohun tó lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ Festac Town, ìtòsí wa níbí, fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1977, ère ojú Idia, ìyá Ọba Esigie ti Bìní, ni àmì àjọ̀dún náà. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Orí àwọn Potogí wẹ́wẹ́ tò yí adé rẹ̀ ká, irin méjì dúró ní iwájú orí rẹ̀. Ààfin ni wọ́n ti kó o lọ ní 1897. Nàìjíríà ní kí British Museum, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kàn yá òun, wọ́n kọ̀, ló bá di pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Bìní gbẹ́ òmíràn. Olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fun ún? Àṣé ibi tí ojú kò bá ti ti ilé, yóò fun ún níbẹ̀, ayé yóò sì wá wò ó.

Inú bí wa, ó sì yẹ kó bí wa. Ṣùgbọ́n àwa tí inú ń bí, kí là ń ṣe? Irin ìdérí gọ́tà pòórá lóru; kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ó ti wà lórí òṣùwọ̀n oníkòǹdẹ́ẹ̀mù, tó ń ka owó lé ọ̀dọ́mọkùnrin lọ́wọ́ láìwojú rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òyìnbó jí ti ẹlòmíràn lọ sílé. Àwa ń jí tilé tà fún ara wa. Nígbà kan, tálákà olóòótọ́ ń sọ̀rọ̀ nínú ẹbí, wọ́n ń gbọ́. Nísinsìnyí, ọlọ́rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó síwájú.

Níkẹyìn, ilé Walker bèèrè. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Mark Walker, dókítà tó ti fẹ̀yìn tì, jogún méjì nínú ẹrù náà, ẹyẹ onídẹ kan àti agogo. Ì bá tà wọ́n, owó ńlá ni. Ní June 2014, ó dá wọn padà sí ààfin Ọba Erediauwa. Ọdún 117 ni ìbéèrè ìyá olóòótọ́ kan fi pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu ìdílé yẹn.

Ohun tó ń já mi láyà ni pé idẹ Bìní ní ibi tí a lè gbé e padà sí. Ààfin wà níbẹ̀, onínǹkan kò sọnù. Owó tí ọmọ fi irọ́ gbà lọ́wọ́ opó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́, àti owó oògùn tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi kọ́ ilé alájà mẹ́ta? Opó yóò ti kú, aláìsàn yóò ti lọ. Bí ọmọ ọmọ wọn bá wá fẹ́ dá a padà, ilẹ̀kùn ta ni yóò kàn?