Ojúṣe Wa sí Ẹni Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ

Bí àlejò bá wọ ilé Yorùbá, omi ni a kọ́kọ́ ń gbé fún un. A kò tí ì béèrè ibi tí ó ti ń bọ̀, a kò sì tí ì mọ̀ bóyá ire ni ó bá wá tàbí ibi, síbẹ̀ a ó ti bu omi tútù fún un mu. Àwọn baba wa mọ ìdí tí wọ́n fi dá àṣà yìí sílẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ rìn láti oko wá sí Moníyà tàbí Lálúpọn nínú oòrùn ọ̀sán kò gbọdọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tọrọ omi kí á tó mọ̀ pé ó ń fẹ́ ẹ. Ojú ni wọ́n fi ń mọ òùngbẹ rẹ̀. Wọn kì í dúró de ẹnu.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ìwọ tí o ń ka ìwé yìí gbé yẹ̀wò ni èyí: ẹni tí ó bá fún gbogbo ẹni tí ó tọrọ omi ní omi, ǹjẹ́ ó ti ṣe ojúṣe rẹ̀ tán? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí àìtó omi lára ń bá jà jù ni àwọn tí kò lè tọrọ omi, tàbí àwọn tí nǹkan kan dí lẹ́nu kí wọ́n má lè tọrọ rẹ̀.

Ní àkọ́kọ́, ó yẹ kí á mọ ohun tí omi ń ṣe nínú ara. Bí a bá pín ìwọ̀n ara àgbàlagbà sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 60 ni ó jẹ́ omi. Ti ọmọ tuntun tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ni ó ń gbé oúnjẹ kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Omi ni ó ń di òógùn tí ó ń mú ara tutù. Omi kan náà ni ó ń kó ìdọ̀tí ara jáde gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀. Bí èyí tí ó ń jáde bá ju èyí tí ó ń wọlé lọ, omi ara a bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Ètè a máa gbẹ, orí a máa fọ́ni, òòyì a sì máa kọ́ni bí a bá dìde. Ìtọ̀ a máa dín kù, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa pọ́n rúsúrúsú. Ní ti ọmọ ọwọ́, ojú rẹ̀ a jìn wọnú, a máa sunkún láìsí omijé, àwùjẹ̀ orí rẹ̀ a sì rì wọlé. Bí a bá fi ìka méjì rọra fa awọ ikùn rẹ̀, tí a sì fi í sílẹ̀, tí awọ náà kò tètè padà sí ipò rẹ̀, ewu ti dé.

Wàyí o, wo alágbàṣe ní oko ẹ̀gẹ́ tàbí oko iṣu ní agbègbè Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, kí òjò tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, oòrùn a máa mú kíkankíkan, ìgbà náà sì ni ebè kíkọ ń lọ lọ́wọ́. Iye ebè tí ó bá kọ ni olóko yóò san owó rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ó bá dúró láti wá omi kiri, owó rẹ̀ ni ó ń dín kù. Ó mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ṣùgbọ́n àdéhùn owó náà ti dí i lẹ́nu. Bí ó bá wó lulẹ̀ ní ọ̀sán, olóko lè wí pé, “Èmi kò sọ fún un pé kí ó má mu omi.” Òtítọ́ ni ó sọ, síbẹ̀ kò tíì bọ́ nínú ẹ̀bi. Ẹni tí ó ń jẹ èrè òógùn ẹlòmíràn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ronú nípa omi tí òógùn náà ti ń wá. Kí ó tó wọn iṣẹ́ fún un, kí ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi sí abẹ́ igi. Bákan náà ni ó rí fún ẹni tí ó gba àwọn obìnrin láti máa yan gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Bí ooru bá mú ènìyàn wó lulẹ̀, gbé e sí ibòji, tú aṣọ rẹ̀, fi omi tútù rin ara rẹ̀, kí o sì máa fẹ́ ẹ. Bí ó bá mọ ara rẹ̀, fún un ní omi díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, má ṣe da omi sí i lẹ́nu, kí ó má bàa pá a lórí. Ilé ìwòsàn ni kí á sáré gbé e lọ.

Ti arúgbó yàtọ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, òùngbẹ kì í tètè gbẹ ni mọ́, bí omi tilẹ̀ ti dín lára. Àwọn àgbà mìíràn sì wà tí wọn a máa yẹra fún omi ní ìrọ̀lẹ́, kí wọn má bàa jí ẹnikẹ́ni lóru láti sìn wọ́n lọ tọ̀. Nítorí náà, “Ìyá àgbà kò béèrè omi” kì í ṣe èsì tí ó tó láti ẹnu ọmọ ọmọ wọn. Má ṣe dúró ní ẹnu ọ̀nà kí o máa béèrè pé, “Ìyá, ṣé ẹ ó mu omi?” Bu omi náà wá, fi ọ̀wọ̀ gbé e fún wọn, kí o sì wí pé, “Ìyá, ẹ gba omi.”

Nínú kíláàsì rẹ pẹ̀lú, ẹnì kan lè wà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Bí omi bá dín lára rẹ̀, ìrora egungun lè kọlù ú lójijì. Ọmọ tí ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń gbé ìgò omi kiri, pé ó sì ń tọrọ ààyè láti lọ tọ̀ nígbà gbogbo, rò pé eré lásán ni òun ń ṣe. Bí ìtìjú bá mú kí ẹni náà fi ìgò rẹ̀ sílẹ̀ nílé, ta ni ó dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀?

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru ni ó le jù. Àwọn kan a máa rò pé bí a kò bá fún un ní omi, kò ní rí ohun tí yóò yà. Ìrònú náà jọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ. Omi àti iyọ̀ tí ìgbẹ́ náà ń kó lọ ni ó sábà ń gba ẹ̀mí ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí amù tí gbogbo ilé gbójú lé bá ń jò, ǹjẹ́ a ó torí rẹ̀ dẹ́kun omi bíbu sí i kí ẹni tí yóò dí i tó dé?

Ní ọdún 1968, ní ìlú Dhaka, àwọn dókítà méjì láti Amẹ́ríkà, David Nalin àti Richard Cash, fi hàn pé aláìsàn onígbáméjì lè fi ẹnu mu omi tí a pò mọ́ iyọ̀ àti ṣúgà, kí omi tí a óò fi abẹ́rẹ́ fún un sì dín kù gidigidi. Ṣúgà ni ó ń ran iyọ̀ lọ́wọ́ láti wọ ara nínú ìfun, omi a sì tẹ̀lé wọn. Ní ọdún 1971, nígbà tí ogun ń jà ní ilẹ̀ tí ó di Bangladesh, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sá wọ Íńdíà, onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ wọn. Ní Bangaon, omi abẹ́rẹ́ kò tó mọ́ lọ́wọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis. Ó po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, ó sì ní kí àwọn ìyá àti ará ilé máa fi ife bu ú fún àwọn aláìsàn wọn. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí 30 nínú 100 aláìsàn ni ó ń kú. Lẹ́yìn rẹ̀, iye náà kò tó 4. Ṣàkíyèsí èyí dáadáa: ọwọ́ tí ó mú ife náà kì í ṣe ọwọ́ dókítà. Ní ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tí ó di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1985, wà lára àwọn tí ó tẹnu mọ́ ọn pé kí ìmọ̀ yìí dé ọwọ́ gbogbo ìyá.

Bí a ti ń pò ó kò le. Bu omi mímọ́ lítà 1. Bí omi náà kò bá dá ọ lójú, sè é kí o sì jẹ́ kí ó tutù. Fi ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì kan sí i. Kí ṣíbí náà kún dọ́gba, kí ó má ga lórí. Tọ́ ọ wò: bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omijé lọ, dà á nù kí o sì po òmíràn, nítorí àpọ̀jù iyọ̀ lè pa ọmọ lára. Fún un mu díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bì, dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí o tó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá má ṣe dá ọmú dúró. Èyí tí ó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, dà á nù. ORS inú àpò tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn dára ju èyí lọ, nítorí a ti wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn a sì máa fún ọmọ ní oògùn zinc fún ọjọ́ 10 sí 14. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 6, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ọmọ kò bá lè mu nǹkan, bí ó bá ń bi gbogbo ohun tí ó mu, tàbí bí ara rẹ̀ bá rọ jọwọrọ, ẹ má ṣe dúró nílé. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ǹjẹ́ ẹni tí kò mọ nǹkan wọ̀nyí jẹ̀bi? Ó yẹ kí á pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Ìyá tí ó ń gbé ní abà, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ rí, kò jẹ̀bi. Àwa tí a mọ̀ tí a kò sọ fún un ni ẹ̀bi bá. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kọ́, tí ó kọ etí ikún sí ẹ̀kọ́ náà, kò lè fi àìmọ̀ ṣe àwáwí. Síbẹ̀, má ṣe fi ìmọ̀ rẹ bú ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ẹni tí a dójú tì kì í gbọ́ ẹ̀kọ́. Bá a po omi náà, kí ó sì rí bí o ti ń ṣe é. Má sì gbàgbé pé ife omi kan kò lè rọ́pò kànga. Bí odò tí ìlú ń mu bá jẹ́ ibi tí ẹ̀gbin ń ṣàn sí, ìgbẹ́ gbuuru yóò tún padà wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ohùn láàrin ìlú gbọ́dọ̀ lò ó kí omi mímọ́ lè dé ibẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Má ṣe rò pé ewú orí nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di àgbà. Láàrin àwọn tí kò mọ àmì àìtó omi lára, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni àgbà ibẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 13. Ìwọ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Kọ́ àbúrò rẹ ní bí a ti ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Bí o bá bá baba rẹ lọ sí oko, bu omi tí yóò tó ti alágbàṣe pẹ̀lú. Bí o bá sì padà dé ilé, wo ife ìyá rẹ àgbà. Bí ó bá ṣófo, má ṣe dúró kí wọ́n tó rán ọ níṣẹ́.