Ẹwà Igi, Ìwà Igi

Àwọn àgbà ní igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Òun ni gbogbo èèyàn ń wá, igi wíwọ́ á sì wà níbi tó wà. Àmọ́ ẹ wo ilé kọfí, òtẹ́ẹ̀lì àti ṣọ́ọ̀bù ìgbàlódé lónìí: kànńtà tó rí bí etí odò, ṣẹ́ẹ̀fù tó tẹ̀ bí ẹ̀ka, ògiri onípákó tó ń ṣe bí ìgbì omi. Wọ́n ní ara ìṣẹ̀dá làwọn ti kọ́ ọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, tí a bá mú ìrísí igi lò, ṣé a ti bọ̀wọ̀ fún igi nìyẹn?

Ẹni tó bá ti la igi rí mọ̀ pé igi ní ibi tó dojú kọ. Inú rẹ̀ kún fún fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá gígùn rẹ̀ lọ. Tí káfíńtà bá fi ayùn gé ìtẹ̀ jáde lára pákó tó tọ́, ó ti gé àwọn fọ́nrán yẹn já. Ibẹ̀ náà ni yóò ti ṣẹ́ lọ́jọ́ kan, pàǹtí tó sì máa bọ́ sílẹ̀ kò kéré.

Ọmọ Jámánì kan, Michael Thonet, tó lọ ṣiṣẹ́ ní Vienna, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń fi ooru omi híhó rọ igi beech, á wá tẹ̀ ẹ́. Igi tó ti rọ̀ á gbà kí a fún un pọ̀, àmọ́ kò fẹ́ kí a nà án. Torí náà ni wọ́n ṣe ń de irin pẹlẹbẹ mọ́ ìta ibi tó ń tẹ̀, kó má bàa ya. Ní 1859 ni àga rẹ̀, Nọ́ńbà 14, jáde, ó sì kún ilé kọfí káàkiri Yúróòpù. Igi 6, súkúrù 10 àti nọ́ọ̀tì 2 ni gbogbo rẹ̀. Fọ́nrán rẹ̀ kò já, ó ń bá ìtẹ̀ náà lọ ni.

Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà tiwọn. Ẹni tó fẹ́ ṣe èrúkọ́ kì í tẹ igi rárá. Igbó ló ń lọ, kó lọ wá ibi tí ẹ̀ka ti yà lára igi. Igi ti bá a ṣe iṣẹ́ yẹn sílẹ̀.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé gbogbo wa ló lówó igi gidi ni?" Òótọ́ ọ̀rọ̀. MDF ló wà nínú ọ̀pọ̀ kànńtà wọ̀nyí, ìyẹn igi lílọ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù fún pọ̀. Wọ́n á fi ayùn fa ilà sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè tẹ̀, wọ́n á wá lẹ fọ́míkà aláwòrán igi mọ́ ọn. Mi ò ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n pè é ní ìrókò fún oníbàárà, kí wọ́n sì gbowó ìrókò. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n máa fi orúkọ ìṣẹ̀dá polówó ohun tí omi máa wọ̀, tó máa wú, tó máa dé ààtàn kíákíá.

Ìwà lẹwà, a máa ń sọ ọ́ fún èèyàn. Ó kan iṣẹ́ ọwọ́ náà. Igi kì í tẹ̀ torí fáàrí. Ó ń wá oòrùn ni, tàbí atẹ́gùn ló ń tì í, tàbí àpáta ló dí i lọ́nà. Kò sí ìtẹ̀ rẹ̀ tí kò nídìí. Ẹni tó bá ní òun ń wo igi ṣiṣẹ́, ẹ bi í pé kí ni ìdí tiẹ̀. Ṣé kí ọmọdé má bàa forí gbá igun ni? Ṣé kí ìyá àgbà lè rọ́nà gbà láìfi ìbàdí gbá nǹkan? Ìdí gidi nìyẹn. Àmọ́ tí kò bá sí ìdáhùn mìíràn ju "kó lè dùn ún wò lórí Instagram" lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí pákó náà tọ́ bó ṣe tọ́.