Ta Ló Bi Obìnrin Náà Léèrè?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí ogun bá dó ti ìlú, tí oúnjẹ tán pátápátá, ṣé ó tọ́ kí ọmọ ogun pa ará ìlú jẹ kí ọ̀tá má baà wọlé? Ẹ má tíì pa ìwé yìí dé o. Ó ṣẹlẹ̀ rí ní Suiyang, ẹkùn kan nílẹ̀ Ṣáínà, lọ́dún 757, nígbà ọ̀tẹ̀ tí An Lushan gbé dìde sí ọba ìdílé Tang.

Xu Yuan ni ajẹ́lẹ̀ ibẹ̀. Ó ti kó ọkà pamọ́, ó tó 60,000 òṣùwọ̀n. Àfi bí ọmọ ọba kan ṣe pàṣẹ pé kó pín ìdajì fún ẹkùn méjì mìíràn. Xu Yuan jà títí, wọn ò gbọ́. Jiyin, ọ̀kan nínú àwọn tó gba ọkà náà, gbà á tán ló bá lọ dara pọ̀ mọ́ ọlọ̀tẹ̀! Inú mi máa ń ru bí mo bá kà débẹ̀.

Zhang Xun ló darí ogun náà. Ọmọ ogun wọn ò pé 7,000. Àwọn tó dó tì wọ́n lé ní 100,000. Wọ́n jẹ ẹṣin, wọ́n jẹ èèpo igi, wọ́n jẹ ẹyẹ àti eku. Nígbà tí ìyẹn náà tán, Zhang Xun pa aya kékeré tirẹ̀, ó ní káwọn ọmọ ogun jẹ ẹ́. Ó wá kan àwọn obìnrin ìlú, ó kan arúgbó ọkùnrin àti ọmọdé. Ìwé ìtàn ní 20,000 sí 30,000 ènìyàn ni wọ́n jẹ. Ìlú náà sì ṣubú lóṣù kẹwàá. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ dé.

Àwọn kan ní ṣe ni ì bá jẹ́ kí ará ìlú sá lọ. Lọ́dún 807, Han Yu gbèjà wọn: ó ní Suiyang ló dí ọ̀nà gúúsù mọ́ ọ̀tá, níbi tí owó orí àti ọkà ìjọba ti ń wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun mọ ohun tóun gbà nígbà tó gbé idà. Ta ló bi obìnrin yẹn léèrè? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ṣọ̀tẹ̀ nínú ìlú. Ẹni ebi ti pa kú tán, láàárín àwọn tó dìhámọ́ra, báwo ló ṣe fẹ́ ṣọ̀tẹ̀?

Kẹ́ ẹ sì wá wo Helan Jinming ní Linhuai. Ó ní ọmọ ogun, ó ní oúnjẹ. Nan Jiyun wá bẹ̀ ẹ́ títí, ó gé ìka ara rẹ̀ níwájú rẹ̀. Àsè ni ọ̀gbẹ́ni sè fún un, kò rán ẹnì kankan. Bí wọ́n bá ní kí n dá ẹjọ́ yìí, òun ni màá kọ́kọ́ pè jáde. Zhang Xun ni màá pè tẹ̀ lé e, bó ti wù kó jẹ́ akọni tó.